Friedrich Froebel, Olùkọ́ Tó Gba Eré Ọmọdé Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, jẹ́léósinmi ni àwa ń pe ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, àfi bí ẹni pé ìsinmi àwọn ará ilé nìkan ló wà fún. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn Friedrich Froebel.

Oberweissbach ní Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1782. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pásítọ̀, kò ráyè tirẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ igbó, ó fi í sílẹ̀. Ọdún 1805 ló dúró níwájú kíláàsì ní Frankfurt, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀: ó ti ríṣẹ́ tó bá orí rẹ̀ mu.

Ní 1840, ó sọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Blankenburg ní Kindergarten, èyí ni ọgbà àwọn ọmọdé. Ó gbà pé inú eré ni ọmọ ti ń gbọ́n. Nítorí náà, kì í ṣe pàṣán ni olùkọ́ rẹ̀ ń mú dání; bọ́ọ̀lù òwú àti igi gígé ni, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Èyí tó wù mí jù ni pé ó kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ yìí, nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Àfi bí ìjọba Prussia ṣe fòfin de Kindergarten ní 1851! Wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ láti kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ìwé tí Karl, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ ni wọ́n rò pé tirẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Ó kú ní June 1852. Ọdún 1860 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ṣùgbọ́n ní 1856, Margarethe Schurz, tó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Hamburg, ti ṣí irú rẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀ ní Watertown, l'Amẹ́ríkà. Ọmọ tirẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹbí ló fi bẹ̀rẹ̀.