Póòpù Gregory Kẹwàá, ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn kádínà

Teobaldo Visconti ni orúkọ àbísọ ọkùnrin yìí, ọmọ ìlú Piacenza ní Ítálì ni.

Póòpù Clement Kẹrin kú ní ìlú Viterbo ní oṣù November 1268. Àwọn kádínà pé jọ síbẹ̀ láti yan òmíràn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan ń fẹ́ ti Faransé, àwọn kan kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ará ìlú. Wọ́n ti àwọn kádínà mọ́lé, wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, ìtàn sì wí pé wọ́n ká òrùlé kúrò lórí wọn, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Ó tó ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn mẹ́fà tí wọ́n yàn láàárín ara wọn tó mú Teobaldo, ní 1 September 1271. Òun kì í ṣe kádínà, kò tilẹ̀ tíì di àlùfáà. Acre ní Ilẹ̀ Mímọ́ ni ó wà.

Ní ìpàdé ńlá Ìjọ ní Lyon, ní 1274, ó ṣòfin pé kí a fi ọjọ́ mẹ́wàá dúró de àwọn kádínà tí ó wà lókèèrè, kí a sì wá tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìyan ẹnìkan, oúnjẹ wọn di oríṣi kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí i, ó ku búrẹ́dì, omi àti wáìnì. Inú àwọn kádínà kò dùn sí i rárá.

Gregory kú ní Arezzo ní January 1276. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi yan Innocent Karùn-ún dípò rẹ̀. Síbẹ̀ Adrian Karùn-ún dá òfin náà dúró ní ọdún yẹn kan náà, àga Póòpù sì tún ṣófo ju ọdún méjì lọ láti 1292, kí Celestine Karùn-ún tó dá a padà ní 1294.