Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Tẹ̀sílímì Balógun, Agbábọ́ọ̀lù àti Olùkọ́

Ní ọdọọdún ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa máa ń ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtàn ẹni ńlá kan tí ó ti re àjùlé ọ̀run. Àwọn ọba, àwọn ajagun, àwọn oníwàásù àti àwọn oníṣòwò ni a ti ń sọ̀rọ̀ wọn láti ẹ̀yìn wá. Ní ọdún yìí, agbábọ́ọ̀lù ni a mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa: Olóògbé Tẹ̀sílímì Ọláwálé Àyìndé Balógun, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Thunder Balogun. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè ohun tí ó kan ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọmọ Èkó ni ọkùnrin náà, kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kì í sì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti lo ìyókù agbára rẹ̀, Ìbàdàn ni ó ti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́, Ìbàdàn náà ni ó sì kú sí. Àwa tí a ti ìlú mìíràn wá sí Challenge, Ring Road, Dùgbẹ̀, Agbowó àti Bódìjà, tí a fi ibẹ̀ ṣe ilé, kò yẹ kí a wà lára àwọn tí yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àlejò.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ìtàn kan kúrò lójú ọ̀nà. Bí a bá dárúkọ Thunder Balogun láàárín àwọn àgbà, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi so aṣọ pupa mọ́ ọn, tí rẹfirí kò sì gbà fún un kí ó fi í gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa ya àwọ̀n. Wọ́n ní ó ti fi bọ́ọ̀lù pa aṣọ́lé rí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ so ó mọ́ Ṣàngó nítorí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí àrá. Àwa ti gbọ́ ìtàn wọ̀nyí láti kékeré, wọ́n sì dùn létí; ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ orúkọ aṣọ́lé tí ó kú náà, tàbí pápá tí ó kú sí, tàbí ọdún tí ó kú. Ohun tí ó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìtàn aṣọ pupa ti bo iṣẹ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí a bá sọ fún pé oògùn ni, tàbí pé àbímọ́ ni, kò ní rí ohun kan mú lò níbẹ̀.

Ilé-ìwé ni bọ́ọ̀lù ti wọ ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1904, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell ní Calabar bá àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ HMS Thistle figa gbága, wọ́n sì fi góòlù 3 sí 2 borí wọn. Ìdíje yìí ni a kà sí àkọ́kọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Láti irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti ń gbé bọ́ọ̀lù dání lọ sí ibikíbi tí a bá gbé wọn lọ kọ́ni, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti ìwé àkọ́kà. Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé èyí. Àwọn tìṣà àtijọ́ tí ń fọn fèrè lẹ́yìn ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbin ohun tí a ń kórè rẹ̀.

Èkó ni a bí Tẹ̀sílímì sí, ní ọdún 1927, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni ó ti lọ sí ilé-ìwé, ní ilé-ìwé St. Mary's ti ìjọ Kátólíìkì. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí: ọmọ Mùsùlùmí láti Èkó, ní ilé-ìwé Àgùdà, ní ìlú tí a kì í ti í sọ èdè Yorùbá. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, ó gbá fún onírúurú ẹgbẹ́ ní Èkó, ó sì bá ẹgbẹ́ Pan Bank gbá pẹ̀lú. Ní ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ni ó ń ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àwọn bí ilé iṣẹ́ Rélùwéè, ilé iṣẹ́ Máríìnì, UAC àti báńkì. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá a máa rí iṣẹ́ ṣe, yóò jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, yóò sì lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun.

Ọdún 1949 ni orúkọ rẹ̀ kọjá òkun. Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà ṣa ọ̀dọ́mọkùnrin 18 jọ láti Èkó, Calabar, Port Harcourt, Jos àti àwọn ìlú mìíràn, kí wọ́n lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díje. Etim Henshaw ni balógun wọn. Tẹ̀sílímì wà nínú wọn, Titus Okere náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Apapa, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní Liverpool ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹ fi ojú inú wò wọ́n: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù, báńdéèjì ni wọ́n fi di ọrùn ẹsẹ̀. Nínú ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n fi góòlù 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó tí ó wá wòran. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje 9 tí wọ́n gbá, èyí tí wọ́n pàdánù ju èyí tí wọ́n borí lọ. Òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò tiwa tí í rọ̀ tí í dá. Bí pápá bá ti di ẹrọ̀fọ̀, ẹsẹ̀ lásán kì í rí ilẹ̀ dì mú. Àwọn tí ń sọ ìtàn ìrìn-àjò yìí lónìí a máa dárúkọ ìṣẹ́gun Crosby, wọn a sì pa ìyókù mọ́. Àwa kò rí ìtìjú kankan nínú ìyókù náà. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì fi góòlù 2 sí òdo borí Sierra Leone ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1949. Ìyẹn ni ìdíje àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ní ọdún 1955 ni Tẹ̀sílímì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun nìkan ní ọ̀tẹ̀ yìí, láti wá fi bọ́ọ̀lù jẹun. Okere ti ṣáájú rẹ̀ lọ sí Swindon. Peterborough United ni ó gba Tẹ̀sílímì, ẹgbẹ́ tí kò tíì wọ inú líìgì ńlá ní ìgbà náà. Ní ọdún 1956 ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní London, èyí tí ó wà ní ìpele kẹta. Ìdíje líìgì 13 ni ó bá wọn gbá, góòlù 3 ni ó sì jẹ. Ó tún gbá fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ní Skegness àti Holbeach, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdíje 13, góòlù 3. A kò ní fi àbùkù kan ọkùnrin náà bí a bá ka iye yìí sókè ketekete. Ó ti súnmọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dé ibẹ̀, ọjọ́ orí tí òmíràn nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń ronú àtifẹ̀yìntì. Òtútù ń mú, oúnjẹ yàtọ̀, ẹni tí ó jọ ọ́ kò pọ̀ lórí pápá. Ẹni tí àwọn ará ilé ti pè ní àrá, tí ogunlọ́gọ̀ ń tẹ̀ lé, ni ó wá di ẹni tí ń dúró kí a pe orúkọ òun sínú ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni irú èyí ì bá sọ di oníròbìnújẹ́ ènìyàn. Ohun tí Tẹ̀sílímì ṣe ní tirẹ̀ ni pé ó jókòó kọ́ ẹ̀kọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn tí ń kọ ìtàn eré ìdárayá kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní ojú tiwa, èyí ga ju gbogbo àwọ̀n tí wọ́n ní ó ya lọ.

Nígbà tí ó padà dé, Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùjókòó. Ó bá ẹgbẹ́ Ibadan Lions gbá, ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ gbé ife Challenge Cup wá sí ìlú yìí ní ọdún 1959, tí ó sì tún gbà á ní 1961. Ìgbà náà ni Ìbàdàn ń gbòòrò sí i. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ń kọ́ ilé sí Bódìjà, ilé ńlá Cocoa House ń ga sókè ní Dùgbẹ̀, wọ́n sì ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ku ọ̀la. Pápá yìí kan náà ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọdún 1963 nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tí òkìkí rẹ̀ fi kan gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Tẹ̀sílímì ń ṣe ní Ìbàdàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tìṣà mọ bí iṣẹ́ yìí ti rí. Kì í ní ariwo. Ọmọ ni a ó pè kí ó tún un ṣe, kí ó tún un ṣe, títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Bí ọmọ náà bá sì di ẹni ńlá, òun ni ayé yóò rí. Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, Nàìjíríà lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Mẹ́síkò. Tẹ̀sílímì wà lára àwọn tí ó kọ́ ẹgbẹ́ náà. Japan fi góòlù 3 sí 1 borí wọn, Spain sì jẹ 3 láìgba ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ní ìdíje tí ó kẹ́yìn, wọ́n bá Brazil ta ọ̀mì, 3 sí 3. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí Brazil jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1972 ni ó jáde láyé ní Ìbàdàn, ní ẹni ọdún 45. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 1976, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn agbáfe ilẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí láyé kí ó rí i.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Súrùlérè, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007. Ní Ìbàdàn, pápá Liberty ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 2010, ti Adámásingbà sì ń jẹ́ Lékan Sàlámì. Àwọn méjèèjì tọ́ sí i, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Ọ̀rọ̀ tiwa wà fún àwọn ará ilé. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wa ń ra ife àti aṣọ fún ìdíje àwọn ọ̀dọ́, tí a sì ń ná owó lórí àga, ìbòòrùn àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọjọ́ àṣekágbá. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, a kò tíì fi kọ́bọ̀ kan rán ẹnikẹ́ni lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìrọ̀lẹ́ ń fi ìfẹ́ inú ṣe é ni, ohun tí wọ́n rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ń kọ́ wọn. A bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀: kí a yọ owó ìbòòrùn àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ọdún kan ṣoṣo, kí a fi rán ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, lọ gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ wa fún ọdún mẹ́ta.