Ẹni Tí Ó Kọ Wúrà Ọba: Ìgbésí Ayé Shehu Usman dan Fodio

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá wa, tí Ó sì kó wa jọ sínú ilé Rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ òní. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ àjíǹde. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí bí ó ti yẹ kí ẹ̀dá jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́hun níwájú àwọn tí kò fẹ́ gbọ́. Ànábì wa kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ òdodo níwájú aláṣẹ tí ń ṣe àbòsí wà lára jíhàdì tí ó lọ́lá jù lọ. Nígbà tí Ọlọ́hun rán Ànábì Musa àti Haruna sí Firiaona, Ó pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ènìyàn lè jẹ́ aláìbẹ̀rù láìjẹ́ aláriwo. Kí èyí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé àáfà ńlá kan tí ó gbé ní òkè ọya níhìn-ín.

Ọdún 1754 ni wọ́n bí Shehu Usman ní Maratta, ní ilẹ̀ Gobir. Ìtumọ̀ Fodio, orúkọ tí wọ́n mọ bàbá rẹ̀ sí, ni ẹni tí ó mọ̀wé. Láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kéwú, kí ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn àáfà mìíràn, bí Jibril ọmọ Umar ti Agades, ẹni tí ó le púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Nígbà tí ó tó ẹni ogún ọdún, ní nǹkan bí ọdún 1774, ó bẹ̀rẹ̀ wáàsí ní Degel. Kò jókòó sílé retí àwọn ènìyàn: ó lọ sí Kebbi, ó sì lo bí ọdún márùn-ún ní Zamfara. Èdè Haúsá àti èdè Fúlàní tí àwọn ará ilé àti ará oko ń sọ ni ó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń fi ẹ̀kọ́ ṣe orin kí ẹni tí kò mọ̀wé lè há a sórí. Ó kọ́ wọn ní ìmọ̀ Ọlọ́hun Ọ̀kan ṣoṣo, àlùwàlá àti ìrun. Ó sì tún sọ fún wọn pé èèwọ̀ ni owó orí tí sáríà kò mọ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́, àti kí alágbára máa fi ipá gba dúkìá aláìlágbára. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá wí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ta kò ó. Àwọn kan bínú pé ó ń jẹ́ kí àwọn obìnrin wá síbi wáàsí. Èsì rẹ̀ ni pé kí obìnrin wà nínú àìmọ̀ burú ju ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lọ. Ó ya ìjókòó wọn sọ́tọ̀, ó sì ń kọ́ wọn nìṣó. Nana Asma'u ọmọ rẹ̀ di olùkọ́ àwọn obìnrin nígbà tí ó yá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1788 sí 1789. Bawa Jangwarzo, ọba Gobir, pe àwọn àáfà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Magami nígbà Iléyá, ó sì ń pín ẹ̀bùn fún wọn. Àwọn òpìtàn sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwọ̀n wúrà ni ó bọ́ sí ìpín Shehu. Àwọn àáfà tí ó kù gbà, Shehu kò gbà. Ohun márùn-ún ni ó bèèrè dípò rẹ̀: kí ọba jẹ́ kí òun máa wáàsí ní ilẹ̀ náà, kí a má dí ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ ìpè náà lọ́wọ́, kí a máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bá wé láwàní, kí a tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, kí a má sì fi owó orí ni àwọn ará ìlú lára. Bawa sì gbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí èyí tí ó lè mú lọ sílé fi ra ẹṣin nínú márààrún. Ẹnu tí kò jẹ wúrà ọba ni ó lè bá ọba sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́wọ̀n.

Bawa kú, ayé sì yí padà. Ọba Nafata kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wáàsí mọ́ àyàfi Shehu nìkan, pé ẹni tí a kò bí sínú Islam kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, àti pé kí ọkùnrin má wé láwàní, kí obìnrin má lo ìbòrí. Yunfa tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn sọ pé ó yin ìbọn sí Shehu, iná ìbọn náà sì padà sí òun fúnra rẹ̀. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1804, Shehu ṣe hijra kúrò ní Degel lọ sí Gudu pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀, Alkalawa sì ṣubú ní 1808. Shehu fi ìṣàkóso lé Abdullahi àbúrò rẹ̀ àti Bello ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó padà sídìí ìwé àti ẹ̀kọ́, títí ó fi kú ní Sókótó ní 1817.

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀-Olúkòtún, a kò lè sọ ìtàn yìí ní ilẹ̀ Yàgbà kí a má mẹ́nu ba ọgbẹ́ kan. Nígbà tí Shehu ti wà ní sàréè tipẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà, ìjọba tí ó wà lábẹ́ Gwandu, kó àwọn bàbá ńlá wa lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, títí agbára wọn fi tán ní Kábà ní 1897. Àwọn ẹbí wa kan tí kì í ṣe mùsùlùmí gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ìyá àgbà. Bí a bá la ẹnu sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, pátákò ẹṣin ni etí wọn lè kọ́kọ́ gbọ́. Kí a má ṣe sẹ́ ẹ. Abdullahi fúnra rẹ̀, nígbà tí ó rí ìwọra láàárín àwọn jagunjagun tiwọn ní 1807, kò dákẹ́ nítorí pé ará ilé ni wọ́n: ó bínú kúrò láàárín wọn, ó sì rìn títí dé Kano. Òdodo níwájú ará ẹni le ju òdodo níwájú ọ̀tá lọ.

Ohun tí ó kàn wá jù nínú ìtàn yìí ni ọgbọ̀n ọdún tí Shehu fi ahọ́n nìkan ṣiṣẹ́ kí idà tó jáde. Ẹ jẹ́ kí àwa àáfà yẹ ọwọ́ wa wò: ta ni ó ń fún wa ní ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ wo ni ẹ̀bùn náà sì ti pa mọ́ wa lẹ́nu? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì, bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé irọ́, ẹ rántí Magami. Bí ẹ bá sì ń bá ọmọ ìyá yín tí kì í bá wa kírun sọ̀rọ̀, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ òdodo fún un. Ẹ má bu òdodo kù, ẹ má sì fi èébú kún un.

Ọlọ́hun, ṣe àánú fún Shehu Usman àti gbogbo ẹni tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ Rẹ. Dárí jì wá fún ọjọ́ tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ tí a dákẹ́, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a rọra sọ̀rọ̀ tí a pariwo. Fún wa ní ọkàn tí ń bẹ̀rù Rẹ ju ẹ̀dá lọ. Fi ìfẹ́ sáàárín àwọn ẹbí wa, kí O sì bùkún ìlú wa. Àmín.