Frank Whittle àti Iná Tí Ń Fin Ẹwìrì Ara Rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ilé alágbẹ̀dẹ rí yóò mọ iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe. Ọmọ-iṣẹ́ a jókòó tì í, a máa fin ín; afẹ́fẹ́ a fẹ́ sínú iná, irin a sì pọ́n. Bí ọwọ́ ọmọ náà bá rẹ̀, iná a rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá lè máa fin ẹwìrì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá irú iná bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwa ará Ìjàgún bá sì gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú ńlá lókè lónìí, èso làálàá rẹ̀ wà nínú ohun tí a ń gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Frank Whittle.

A bí i ní ìlú Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1907. Moses, baba rẹ̀, jẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, wọ́n kó lọ sí Leamington, baba rẹ̀ sì ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Frank ti kọ́ bí a ti ń lo irin-iṣẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ilé ìkàwé ìlú ni í gbà lọ, láti ka ìwé nípa ẹ̀rọ àti nípa ọkọ̀ òfurufú.

Ó yege nínú ìdánwò láti wọ iṣẹ́ ológun òfurufú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ìdúró rẹ̀, wọ́n ní ó kúrú jù, wọ́n sì dá a padà. Ó lọ ń ṣe eré ìdárayá, ó ń jẹun dáadáa, ó sì ga sí i. Síbẹ̀ wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún padà lọ, wọ́n sì gbà á ní 1923. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní 1926, a yàn án láti inú àwọn ọmọ-iṣẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọ̀gá ológun òfurufú ní Cranwell.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógún péré ni nígbà tí ó kọ àròkọ kan níbẹ̀ lórí bí ọkọ̀ òfurufú yóò ti rí ní ọjọ́ iwájú. Ó rí i pé ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ yára gan-an ní láti fò lókè réré, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kì í lágbára níbẹ̀. Ní 1929, ọ̀nà àbáyọ wá sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀rọ tí ó rò náà ti ń ṣiṣẹ́. Níwájú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ kan wà tí ń yí kíákíá. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń fún un pọ̀. Irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó fẹ́ táyà. Kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ sì ni a ń pe àwọn méjèèjì. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ yìí a wọ inú ààrò, níbi tí a ti ń fọ́n epo sí i wínníwínní, tí iná sì ń jó láìdáwọ́dúró. Afẹ́fẹ́ náà a gbóná, a fẹ̀, a sì sáré wá ọ̀nà àbájáde. Lọ́nà ni yóò ti kan kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ kejì, tí à ń pè ní tọ́báìnì, yóò sì yí i, gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn ti ń yí abẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe. Ọ̀pá irin kan ni ó so kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀. Bí tọ́báìnì bá ti ń yí, kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ náà ń yí. Iná ń fin ẹwìrì ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó kù a fi ipá gba ẹ̀yìn jáde, a sì ti ọkọ̀ síwájú, bí bàlúùnù tí a fẹ́ tí a sì jọ̀wọ́ ẹnu rẹ̀.

Ìṣòro ńlá wà níbẹ̀. Kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ a máa jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tọ́báìnì. Bí a kò bá ṣe ọ̀kan nínú wọn dáadáa, agbára kankan kì yóò ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ sì ni irin tí ó lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà ni àwọn ìjọba ṣe kọ àbá Whittle. Òun fúnra rẹ̀ béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ rẹ̀ ní 1930, ó sì rí i gbà. Ní 1935, ó tó àkókò láti san pọ́n-ùn márùn-ún kí ẹ̀tọ́ náà má bàa parẹ́. Whittle ti níyàwó, ó ti bímọ, ó sì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Cambridge; kò rí owó náà san. Ìjọba náà kò sì san án. Báyìí ni ẹ̀tọ́ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò bọ́ lórí rẹ̀. Ní 1936, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì bá a wá owó, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Power Jets sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1937, ní ìlú Rugby, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìró rẹ̀ ròkè lójijì. Whittle sé ọ̀nà epo, ẹ̀rọ kò dúró, nítorí epo ti jò sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun nìkan ni ó dúró tì í títí ó fi parọ́rọ́.

Ní ilẹ̀ Jámánì, Hans von Ohain ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ tí ó lo ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ fò, ní oṣù kẹjọ ọdún 1939. Ọkọ̀ tí ó lo ẹ̀rọ Whittle gbéra ní Cranwell ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1941, ó sì wà lófurufú fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Làálàá náà ti ba ìlera Whittle jẹ́. Ní 1944, ìjọba gba ilé-iṣẹ́ náà. Ní 1948, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá, wọ́n sì fún un ní £100,000. Ó kú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1996.

Ìbátan ẹ̀rọ yìí wà nítòsí wa. Ní Olórunṣògo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, a kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan tí ó ń lo kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ àti tọ́báìnì. Gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sun níbẹ̀. Ọ̀pá irin náà kì í ti ọkọ̀, ẹ̀rọ tí ń pèsè iná ni ó ń yí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i pé wọ́n kọ ọkùnrin yìí nítorí ìdúró rẹ̀, wọ́n kọ àbá rẹ̀, ó sì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pọ́n-ùn márùn-ún. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a fin iná rẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ó kú. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.