Lavoisier àti Ohun Tí Kò Sí
Mo máa ń rò pé onísáyẹ́ǹsì ńlá kì í ṣàṣìṣe. Irọ́ ni o! Wọ́n bí Antoine Lavoisier ní Paris ní 1743. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ní phlogiston ló ń jáde lára ohun tó bá ń jóná. Lavoisier sun òjé, ó wọ̀n ọ́n: ó tún wúwo sí i! Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló wọ inú rẹ̀. Phlogiston ò sí rárá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ ti 1789, òun náà ka ooru mọ́ àwọn èròjà. Ooru kì í ṣe èròjà. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1794, torí pé agbowó-orí ọba ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ má bẹ̀rù àtibéèrè.