John Newton: Ẹkún Nìkan Kọ́ Ni Ìrònúpìwàdà

Ta ni kò mọ orin Amazing Grace nínú wa? À ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, à ń kọ ọ́ níbi ìsìnkú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin náà ti fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ènìyàn dúdú lọ tà lẹ́rú rí. John Newton ni orúkọ rẹ̀.

London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1725. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje tí ìyá rẹ̀, tó ń kọ́ ọ ní Bíbélì, fi kú. Ọ̀gá ọkọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ ọdún 11 sì ni Newton nígbà tó bá a lọ sójú òkun. Bó ṣe ń dàgbà ni ìwà rẹ̀ ń bàjẹ́. Wọ́n fi tipátipá mú un wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Ó sá, wọ́n mú un, wọ́n sì nà án ní pàṣán níṣojú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tó yá, ó di ìránṣẹ́ oníṣòwò ẹrú kan létí òkun Sierra Leone. Ìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ebi pa á débi pé ó ń hú gbòǹgbò jẹ lóru. Ẹ ò wa rò pé ẹni tójú ẹ̀ rí báyìí ò ní fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ẹlòmíì?

Ní oṣù kẹta ọdún 1748, ìjì líle kọ lu ọkọ̀ Greyhound tó ń gbé e lọ sílé. Omi ń wọnú ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́n ọn títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Newton ké pe Ọlọ́run fún àánú, ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀ sí Ireland. Ọdọọdún ló ń rántí ọjọ́ yẹn.

Ibí yìí làwọn kan máa ń parí ìtàn náà sí: ó ṣẹ̀, ó ké, Ọlọ́run gbà á, ó tán. Kò tíì tán o! Lẹ́yìn ìjì yẹn gan-an ló di ọ̀gá ọkọ̀ akẹ́rú. Láàárín 1750 sí 1754, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rìnrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ó ń darí ìsìn fáwọn atukọ̀ lókè, àwọn ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀. Àìsàn ló sì mú un kúrò lójú òkun, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn.

Ó di àlùfáà ní Olney lọ́dún 1764, ibẹ̀ ló ti kọ orin náà. Síbẹ̀, kò tíì bọ́ síta gbangba sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú. Ọdún 1788 ló tó kọ ìwé lórí rẹ̀. Ó sọ ohun tó fojú rí àti ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ojú sì tì í. Ó tún lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin, ó sì ń ti Wilberforce lẹ́yìn. Lọ́dún 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà. Newton kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó jẹ́ ẹni ọdún 82.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Lẹ́yìn òfin yẹn làwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn akẹ́rú lójú òkun. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, sílẹ̀ lọ́dún 1822.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: láti 1748 sí 1788, ogójì ọdún gbáko ni. Ó ké fún àánú lọ́jọ́ kan, àmọ́ ogójì ọdún kọjá kó tó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórúkọ ní gbangba. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń ta ènìyàn lọ. Àwọn tóun fúnra rẹ̀ kó lọ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ rí, kò sì lè dá wọn padà sílé. Òtítọ́ nìkan ló kù tó lè sọ, ó sì sọ ọ́.

Àwa Kristẹni gbà pé Jésù jíǹde kí ìgbé ayé wa lè di tuntun. Tí ẹnì kan bá jí ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó lọ sunkún níbi àdúrà, tí ìwé náà sì wà nínú báàgì rẹ̀ síbẹ̀, kí ló di tuntun? Kó dá ìwé náà padà lónìí, nígbà tí olówó rẹ̀ ṣì wà nítòsí.