Mary Slessor àti Àwọn Obìnrin Tí Kò Ní Aláàbò

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 9:36-42

Bí a bá ti dárúkọ Mary Slessor nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ ìbejì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni obìnrin yìí gbà lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwa oníwàásù kì í sábà béèrè. Àwọn ọmọbìnrin tí ó gbà sílẹ̀ wọ̀nyí, kí ni wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n dàgbà? Ìyá tí wọ́n lé jáde nílé ọkọ nítorí pé ó bí ìbejì, ta ni ó ń bọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí Mary Slessor fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, òun náà ni a ó sì gbé yẹ̀wò lónìí.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1848 ni wọ́n bí i ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Skọ́tlándì. Aránbàtà ni baba rẹ̀, ahunṣọ ni ìyá rẹ̀. Ọtí ba ti baba jẹ́. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ìlú Dundee, ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni Mary nígbà tí ó wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ: ìdajì ọjọ́ nídìí iṣẹ́, ìdajì ọjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ tí ó fi di ahunṣọ gidi tí ń ṣiṣẹ́ láti kùtùkùtù títí di ìrọ̀lẹ́. Owó tí ó ń gbà wà lára ohun tí ilé fi ń jẹun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó mú un yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ìgbà náà. Kì í ṣe ọmọ olówó. Ó mọ ohun tí owó ọ̀sẹ̀ kan lè ṣe lọ́wọ́ obìnrin nínú ilé tí baba kò ṣeé gbára lé.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1876, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Ethiopia, ó forí lé Kàlàbá. Àgbá ọtí kún inú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ọtí ti fojú rẹ̀ rí màbo nílé bàbá rẹ̀, ẹ wo bí yóò ti rí lára rẹ̀! Ó lo nǹkan bí ọdún méjìlá láàrin àwọn Efik, ó gbọ́ èdè wọn dáadáa, ó sì ń jẹ irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí Okoyong, níbi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn ẹlòmíràn láti lọ.

Ọdún 1888 ni ó dé ibẹ̀, sí abúlé Ekenge. Ìjà ni iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀, ọtí sì ni ìsinmi wọn. Ọkùnrin kì í jáde láìmú ìbọn tàbí àdá lọ́wọ́. Okoyong àti Kàlàbá kò fọkàn tán ara wọn, nítorí náà òwò tí ó wà láàrin wọn kò tó nǹkan. Mary wàásù, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun mìíràn tí mo rò pé ó jinlẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Ó rí i pé ẹni tí kò ní iṣẹ́, tí kò ní ọjà tí yóò tà, yóò ráyè jà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò Kàlàbá pé kí wọ́n kó aṣọ àti ìkòkò wá, ó sì rọ àwọn ìjòyè Okoyong pé kí wọ́n kó epo àti iṣu lọ sọ́dọ̀ Ọba Eyo ní Creek Town.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn kò rọrùn rárá. Wọ́n di ẹrù ju bí ó ti yẹ lọ, ọkọ̀ náà rì. Wọ́n wá òmíràn. Mary ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mú ohun ìjà dání, àwọn ìjòyè sì ṣàròyé pé obìnrin ni ó fẹ́ sọ àwọn náà di obìnrin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí, ó tajú kán rí idà lábẹ́ àpò iṣu. Ó fa idà wọ̀nyí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jù wọ́n sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ. Ọba Eyo gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni òwò epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Okoyong, tí ìjà sì ń dínkù.

Ní ọdún 1892 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe aṣojú wọn ní Okoyong, ó sì ń dá ẹjọ́. Ó tún wà lára àwọn tí ó tẹnu mọ́ ọn pé kí míṣọ̀n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1895, wọ́n dá Hope Waddell sílẹ̀ ní Kàlàbá, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ìtẹ̀wé àti télọ̀. Síbẹ̀ ọ̀ràn àwọn obìnrin kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1901, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Arochukwu. Ogun náà parí ní ọdún 1902, ọ̀nà sì ṣí sí ilẹ̀ tí òwò ẹrú ti bàjẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Mary, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí ibà sì ti sọ di ahẹrẹpẹ, tún gbéra. Ó lọ sí Itu, ibi tí ọjà ẹrú ti wà tẹ́lẹ̀ rí, ó sì ń gba ibẹ̀ wọ inú ìgbèríko lọ. Àwọn obìnrin tí ó bá níbẹ̀ ni ó kó ìdààmú bá a. Ní ilẹ̀ náà, abẹ́ ọkùnrin kan ni obìnrin gbọ́dọ̀ wà, ìbáà ṣe baba, ọkọ tàbí olówó rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ọkùnrin kankan, ẹnikẹ́ni lè fìyà jẹ ẹ́ kí ó sì mú un jẹ. Bí ó bá gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ikú lónìí, tí kò ní oko, tí kò ní iṣẹ́, ibo ni yóò wà lọ́la? Yóò padà sí abẹ́ ẹni tí ó fẹ́ pa á ni.

Nítorí náà ni ó ṣe pinnu láti tẹ ibùdó kan dó fún wọn ní Use, níbi tí ìyá ìbejì, ọmọ òrukàn àti ìyàwó tí wọ́n lé jáde yóò máa gbé. Kò fẹ́ kí ó jẹ́ ilé tí wọn yóò ti máa jẹ oúnjẹ míṣọ̀n títí láé. Wọn yóò dá oko, wọn yóò gbin igi eléso, wọn yóò hun agbọ̀n, wọn yóò fi ọparun àti fọ́nrán èèpo àgbọn ṣe ohun tí ó ṣeé tà. Ohun tí kò ná wọn lówó, tí ó wà ní àyíká wọn, ni ó yàn fún wọn. Dọ́káàsì inú Bíbélì kíkà wa rán aṣọ fún àwọn opó. Mary fẹ́ kí àwọn opó ní iṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́.

Irú èrò yìí ti padà wá ní ìgbà tiwa. Ní Làìbéríà, níbi tí ogun abẹ́lé parí sí ní ọdún 2003, ìjọba ibẹ̀ àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2010 tí ó kọ́ nǹkan bí 2,500 ọ̀dọ́bìnrin ní òwò àti iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́, oṣù mẹ́fà mìíràn ni wọ́n fi tọ́ wọn sọ́nà bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ òwò, wọ́n sì ń bá àwọn abiyamọ tọ́jú ọmọ wọn lákòókò ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà Use ìbá yọ̀ sí i.

Ibùdó tirẹ̀ kò di ńlá lójú ayé rẹ̀. Owó kò tó, ara rẹ̀ kò le mọ́, ogun àgbáyé sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 1915 ni ó kú ní Use, nínú ilé rẹ̀, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àwọn ọmọbìnrin tí ó tọ́ dàgbà ni ó yí ibùsùn rẹ̀ ká. Jean, ìbejì tí ó ti gbà sílẹ̀ láti ọmọ ọwọ́, wà láàrin wọn. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba ojú omi lọ sí Kàlàbá, wọ́n sì sin ín sí orí òkè ní Duke Town.